Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Sọ Nípa Àlàbí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi fún ọdún mẹ́tàlá. Ǹ bá gbé e wọ sàréè, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọjà Kétu tó ń bọ̀, àwọn kan ń bọ̀ wá gba èsì lẹ́nu mi.

Ìlú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé nígbà náà. Èmi ni mo ń gún abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́bàá Ìdígní. N kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n tọmọdé tàgbà ló ń pè mí ní Dòtóò, mo sì ń jẹ́ ẹ. Orí mi máa ń wú.

Àlàbí, àbúrò mi, ti ogun tó lọ jà fún àwọn Faransé dé pẹ̀lú àpá ńlá lórí. Irin ìbọn ló wọ̀ ọ́ lágbárí. Láàárọ̀ á máa fi gbogbo wa ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá di ọ̀sán, á kọjú sí ògiri, á máa sunkún pé òun ò rí ìdí tí òun fi wà láyé. Orí tún ń fọ́ ọ gan-an. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo gún un ní mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó wà nínú àpótí wa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dá mi padà sáyé."

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró. N kò dúró. Abẹ́rẹ́ náà di bárakú fún un, èmi sì ń kọ orúkọ aláìsàn mìíràn sínú ìwé oògùn.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ọ̀gá wa ń bọ̀ wá yẹ àpótí wò, ẹ̀rù bà mí, mo dá abẹ́rẹ́ náà dúró lójijì. Àlàbí ń gbọ̀n, ó ń bì, ó ń kígbe "abẹ́rẹ́" káàkiri agboolé. Àwọn àgbà ilé pè mí. Wọ́n ní, "Dòtóò, kí ló ń ṣe é?"

Mo ní, "Wèrè ni."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe wèrè. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹnu Dòtóò ló ti jáde, kò sẹ́ni tó tún bi mí. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́ yàrá ẹ̀yìn. Ó wò mí, kò sì tú àṣírí mi. Kò jẹun mọ́. Kí àgbàdo tó gbó, ó ti kú.

Èmi ni mo tọ́ Ìyábọ̀, ọmọ rẹ̀. Bàbá ló ń pè mí. Ní báyìí, ìdílé àfẹ́sọ́nà Ìyábọ̀ wá ṣe ìwádìí, bí a ti ń ṣe kí a tó gbéyàwó. Wọ́n ti gbọ́ pé wèrè wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Wọ́n ní ohun tí Dòtóò bá sọ ni àwọn máa gbà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi láyè di ọjọ́ ọjà.

Bí wọ́n ṣe jáde, Ìyábọ̀ kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣáà sọ òtítọ́ fún wọn. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè purọ́ mọ́ bàbá mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe wí fún ọmọ tó ń pè mí ní Bàbá pé ẹnu mi yìí ló sọ bàbá rẹ̀ di wèrè?