Omijé Tí Mo Gbé Lọ Síwájú Ìgbìmọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi, ẹ sún mọ́ ibùsùn. Dókítà ti sọ tiẹ̀ láìfi bò. Ó ku tèmi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a.

Ẹ mọ̀ mí lọ́gàá àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, àwa tí à ń yọjú sílé àwọn ọmọ tí ìyà ń jẹ. Èmi ni mo máa ń ti ilẹ̀kùn, tí n ó jókòó ti ẹni tuntun, tí yóò sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, tí n ó fi tọ́ ọ dàgbà nínú iṣẹ́. Ọ̀kan wà tí à ń pè ní Ẹ̀sọ̀, torí ó máa ń kan ilẹ̀kùn bí ẹni ń jí ọmọ ọwọ́ lójú oorun. Ó sunkún lójú mi lọ́jọ́ kan. “Mà, bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà onílé, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n.” Mo jẹ́ kó sọ tán. Mo ní, “Ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà ló ń kan ilẹ̀kùn. Ohun tí o sọ níbí, ibí ni yóò sùn.”

Kò pẹ́, ó wá bá mi nítorí ọmọbìnrin kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ọkọ ìyá rẹ̀. “Mà, ẹ jẹ́ ká lọ mú un lónìí. Ọmọ yẹn ò lè wo ojú mi.” Mo ní kó ṣe sùúrù. Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, gbogbo ìdí ẹ̀ nìyẹn, ẹ gbọ́ ìwà ìkà. Ọmọ náà ò rí òpin ọ̀sẹ̀.

Ìgbìmọ̀ tó wádìí ikú rẹ̀ bi mí bóyá Ẹ̀sọ̀ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ọmọ náà wà nínú ewu. Ẹnu tí mo fi ń ké pe Ọba arínú-róde láràárọ̀ ni mo fi dáhùn: “Kò sọ. Ẹ̀rù ilẹ̀kùn ń bà á. Òun fúnra rẹ̀ ló sunkún sọ ọ́ fún mi. Mi ò rò pé ó wọlé ọmọ náà rárá.” Alága rẹ́rìn-ín: “Apẹja tí ń sá fómi.” Wọ́n lé e kúrò níṣẹ́. Ẹyin lohùn.

Àná ni mo ránṣẹ́ pè é, tí mo jẹ́wọ́. Ó jókòó bí mo ṣe kọ́ ọ: kò já lu ọ̀rọ̀ mi, kò wo aago. Mo ń retí ìdáríjì. Ó ní, “Mo gbọ́ yín, mà. Ohun tí ẹ sọ níbí, ibí ni yóò sùn.” Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ìdí tí mo fi pè yín nìyí, kó má sùn síbí. Bí ẹnikẹ́ni bá sunkún fún yín, ẹ má fi omijé rẹ̀ wẹ ọwọ́ ara yín. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Ọmọ yẹn ni n kò rí bẹ̀.