Ògiri Tí Mo Fọ̀ Kí Kámẹ́rà Tó Dé

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ná. Kí lẹ mọ̀ nípa àwọn akọ̀ròyìn tó ń tú àṣírí lórí tẹlifíṣọ̀n? ... Dámilọ́lá, sọ ọ́ sókè. "Wọ́n máa ń gbé kámẹ́rà lọ ká èèyàn mọ́." Ó dáa. O gba máàkì márùn-ún nínú mẹ́wàá. Márùn-ún tó kù ńkọ́? Ẹ sún mọ́ mi.

Nígbà tí eegun ọ̀dọ́ ṣì wà lára mi ni, kí n tó wá di tíṣà l'Ákùúrẹ́ níbí. Bàbá yín àgbà ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi ń fọ abọ́ níléèwé kan. Yàrá kan ṣoṣo la háyà. Ibẹ̀ la ń sùn, ibẹ̀ la ń dáná. Ògiri rẹ̀... hà! Ó rin gbindin. Ó bu bíi búrẹ́dì tí wọ́n gbàgbé sínú àpò. Dúdú, dúdú, láti ilẹ̀ dé àjà. Fọlákẹ́, ìyá yín yìí, kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Ikọ́ ni ṣáá. Àyà rẹ̀ á máa dún bíi fèrè. Dókítà ní, "Ẹ gbé ọmọ yìí kúrò nídìí ògiri yẹn, àbí ẹ fẹ́ pàdánù rẹ̀ ni?" Ká gbé e lọ síbo? Ta ló ń fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú tó lọ́mọ lọ́wọ́ sílé nígbà yẹn?

Mo lọ bá lánlọ́ọ̀dù. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: "Ẹ̀yin fúnra yín ni, mádáàmù. Ọbẹ̀ yín ti pọ̀ jù. Ooru ọbẹ̀ ló ń ba ògiri mi jẹ́." Ọbẹ̀ o!

Ètò kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà náà. Wọ́n á wọ ilé tí wọ́n ti ń fìyà jẹ arúgbó. Wọ́n á bi olóṣèlú tó purọ́ ní ìbéèrè títí yóò fi làágùn. Tí wọ́n bá ti gbé e jáde, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin á gbóná. Glória, obìnrin Jàmáíkà tó ń gbé lókè wa, ní, "Kọ̀wé sí wọn, kí ló lè ṣe ẹ́?" Mo kọ ọ́. Wọ́n fèsì pé àwọn ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ọmọ Oǹdó ṣe. Àlejò ń bọ̀! Òyìnbó, pẹ̀lú kámẹ́rà! Ohùn ìyá mi ló ń dún létí mi: "Fúnmi, kí àlejò tó bá ìdọ̀tí nílé rẹ, kó kúkú bá ọ lórí ibùsùn àìsàn." Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ omi bílíìṣì. Mo ha ògiri títí èékánná mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Bàbá yín àgbà ra ọ̀dà funfun, ó kùn ún. Mo tún dín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù.

Akọ̀ròyìn náà dé. Sùsán lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ògiri funfun bí aṣọ ẹgbẹ́ akọrin. Ẹni tó gbé kámẹ́rà wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ìyáàfin, ògiri náà dà?"

"Mo ti fọ̀ ọ́!" Inú mi dùn!

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ojú Sùsán, ó wá yé mi. Kí ni wọ́n fẹ́ yà? Ẹ̀rí tó lè gba ọmọ mi là, ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á rẹ́.

Glória, tó ti sọ̀ kalẹ̀ wá wòran, ní, "Ẹ jẹ́ ká da omi sí i, ká fi pọ́líìṣì bàtà kùn ún. Ta ló máa mọ̀?"

Sùsán mi orí. "Èmi á mọ̀. Tí lánlọ́ọ̀dù bá sì mọ̀, ọmọ yìí ò ní kúrò níbí láéláé." Ó yíjú sí mi. "Ṣé ọbẹ̀ ló fà á?"

"Rárá o!"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ẹ gbọ́, ìbéèrè yẹn ni márùn-ún tó kù.

Ó ní ká má dáná nínú yàrá náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ká má sá aṣọ síbẹ̀, kí n má sì fọwọ́ kan ògiri. Kí n máa wò ó, kí n máa kọ ohun tí mo bá rí. Glória gba Fọlákẹ́ sọ́dọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mo ti ń dáná. Àmọ́ òun náà lọ́mọ mẹ́ta nínú yàrá kan, kò lè pẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ra ìwé. Ọjọ́ Ajé: funfun. Ọjọ́bọ̀: funfun. Àbí ọbẹ̀ náà ni lóòótọ́? Ọjọ́ Àìkú: àmì mẹ́ta, wọn ò ju orí ìṣáná lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti tó àtẹ́lẹwọ́. Àwọn obìnrin ìlú wa yà kí mi lẹ́yìn ìsìn, wọ́n wo ògiri, wọ́n wo ara wọn. "Ìyá Fọlákẹ́, ṣé ìlú òyìnbó ti sọ ẹ́ dọ̀bùn ni?" Yéè! Búrọ́ọ̀ṣì wà nítòsí. Mo jókòó lé ọwọ́ mi.

Nígbà tí Sùsán padà dé, dúdú ti jẹ ọ̀dà tuntun náà tán. Wọ́n yà á. Wọ́n gba ọ̀dọ̀ lánlọ́ọ̀dù lọ. Ó tún ní, "Ọbẹ̀ wọn ni."

Sùsán ní, "Ọbẹ̀ wo, sà? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, wọn ò dáná níbẹ̀." Ó ṣí ìwé mi. Ọkùnrin náà wá ń wo bàtà ara rẹ̀.

Wọ́n gbé e jáde. Kò pé oṣù kan, káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, fún wa ní ilé tó gbẹ. Ikọ́ bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá yín sùn mọ́jú láìhúkọ́, èmi ni mi ò lè sùn, mo ń tẹ́tí sí i bó ṣe ń mí.

Lónìí ńkọ́? Inú àpò ṣòkòtò ni kámẹ́rà yín wà. Nǹkan ṣẹlẹ̀ l'Ọ́bà-Ilé láàárọ̀, kó tó dọ̀sán ẹ ti gbé e sórí ayélujára, ẹ ti dá ẹjọ́ tán. Ẹnì kankan ò béèrè báwo lẹ ṣe mọ̀. Ayé yín yá jù, ẹ̀yin ọmọ mi...

Ó dáa, iṣẹ́ àṣetiléwá rèé. Ẹ yan ohun kan tó ń dùn yín ládùúgbò. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ ná. Ẹ wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ẹni tí ẹ̀ ń bínú sí, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ bi í pé kí ló fà á. Ohun tó bá sọ, ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, kódà bó bá jọ irọ́. Ẹ má bá a jà. Ẹ lọ dán an wò.