Ẹni Tó Kọrin Náà Lórúkọ

Wọ́n yọ orúkọ ìyá mi kúrò nínú ìwé tí orin rẹ̀ kún inú rẹ̀. Bírò pupa ni tíṣà fi fà á kọjá. Mosún, ọmọ àbúrò mi ọkùnrin, ló ṣe ìwé náà, iṣẹ́ ìwádìí lítíréṣọ̀ tí wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó jáde ní sẹ́kọ́ńdírì. Tíṣà ní orin ìbílẹ̀ kì í ní olórin. Ó ní kó kọ ọ́ pé a kò mọ ẹni tó ni ín.

A kò mọ̀ ọ́n kẹ̀? Mosún, jókòó. Tan fóònù rẹ, kó máa gba ohùn mi sílẹ̀.

Ìgbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin ní Ìgbẹ́mọ, ìrẹsì la fi ń jẹun, òun náà la fi ń ra aṣọ. Ẹ̀yin ti òde òní, inú àpò lẹ ti mọ ìrẹsì. Tiwa, à á bọ̀ ọ́, à á sá a, à á gún un, à á fẹ́ ẹ… ẹ gbọ́, orin la fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ìyá mi ló ń dá a, àwọn yòókù á máa gbè é. Èmi kò rí ilé ìwé lọ. Atẹ ìrẹsì ni síléètì mi.

Àfi bí àwọn ọmọ ilé ìwé kan ṣe dé láti Adó, àwọn tó wà ní kíláàsì àṣekágbá. Irú iṣẹ́ Mosún yìí gan-an ni wọ́n wá ṣe. Bọ́sẹ̀ lórúkọ ẹni tó wá sọ́dọ̀ wa. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ funfun báláú! Bó ti yọ bírò báyìí, ìyá mi ní, "Ulé ta ni wọ́n ti bí ọ?"

Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín.

"O ń rẹ́rìn-ín? Ẹni tí kò ní ulé kò ní gba orin lẹ́nu mi. Bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn, wá gún ìrẹsì."

Ó gún un o! Ọwọ́ rẹ̀ lé ròrò. Ìgbà tó dárúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ tán ni ìyá mi tó dá orin:

"Ìrẹsì funfun, ẹni tó jẹ ọ́ yó,
Ṣé ó bèèrè ọwọ́ tó gún ọ?
Èmi Ìbíjọkẹ́ ọmọ Àjàyí ni mo wí i,
Ẹni tó bá gbé e lọ, kó gbé mi dání."

Bí wọ́n ṣe ń parí orin nígbà náà nìyẹn. Ẹni tó bá gba orin lẹ́nu ẹni, á dárúkọ olórin. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, olè ni.

Bọ́sẹ̀ padà wá. Ta ló ń padà wá lónìí? Ó mú ẹ̀dà ìwé tó kọ wá fún wa, ó fi ìka mi sórí ọ̀rọ̀ kan. "Orúkọ ìyá rẹ nìyí." Ì-bí-jọ-kẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kà láyé mi! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá "bí" kiri, tí mò ń wá "kẹ́" kiri, lára páálí ọṣẹ, lára mọ́tò, lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì… títí mo fi ń ka Bíbélì sí ìyá mi létí kó tó kú. Kò sí tíṣà tó kọ́ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀, ibi yòówù kó wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà tó rán an níṣẹ́, tí n kò fojú rí rí. Ojú mi ì bá kàn là sílẹ̀ lásán ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jó nígbà tí Mosún ní orin Ìgbẹ́mọ lòun máa ṣe. Mo kọ orin ìyá mi fún un. Àmọ́ ó kọ́kọ́ gún iyán ná! Àbí ọ̀fẹ́ ni? Mosún, má fajú ro.

Ìwé Bọ́sẹ̀, ikán ti jẹ ẹ́. Ti Mosún ló kù. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa kó àwọn ìwé náà lọ dì pọ̀ ní Fájuyì, l'Adó. Tí wọ́n bá ti dì í pẹ́nrẹ́n, àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á máa kà á pé a kò mọ olórin.

Tíṣà, Mosún á gbé fóònù yìí sí yín létí. Ẹ ṣé tí ẹ ń rán àwọn ọmọ sí wa, ẹ má dáwọ́ dúró. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tó kọ́ mi níwèé lẹ fi bírò pupa pa yẹn. Kí ẹ tó dì í, ta ló kọrin náà?

Ẹ dá mi lóhùn.