Kẹ̀kẹ́ Pupa tí Pascaline Yàn

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú Pascaline. Ó ti bá a sùn, ó ti bá a jí, ó ti bá a lọ sí ilé ìjọsìn, ó sì ti bá a padà wálé láìsọ. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Sátidé tí wọ́n fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ díje láti orí òkè wá sí etí odò, ó gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń pọnmi pé Colette ni yóò gun kẹ̀kẹ́ pupa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mọ̀ pé ìgbà ìfipamọ́ ti tán. Bí òun kò bá sọ òtítọ́ ní àárọ̀ yìí, ẹ̀gbẹ́ pósí ni òun yóò ti sọ ọ́.

Ó sáré gba àárín àwọn ilé tó so mọ́ ara òkè Atakpamé. Okùn sálúbàtà rẹ̀ kan já, kò dúró mú un. Nígbà tó dé àgbàlá Papa Léon, bàbá náà, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìdídò Nangbéto níbi tí wọ́n ti ń fi omi ṣe iná mànàmáná, tó sì wálé fún òpin ọ̀sẹ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fún táyà ní afẹ́fẹ́. Maxime, ọmọ rẹ̀ àgbà, jókòó sórí àpótí, ó gbé apá ọ̀tún tí kò ṣeé nà mọ́ lé itan. Colette ti wà lórí kẹ̀kẹ́, ó ti dé àṣíborí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló fi kan ilẹ̀.

"Ẹ wá wo Pascaline!" Colette bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ń lé ọ? Àbí àwọn tó wà nínú ìwé rẹ ti jáde síta?"

"Colette, sọ̀ kalẹ̀."

"Kí n sọ̀ kalẹ̀ kẹ̀? Orí òkè ni mò ń lọ."

"Papa Léon, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ sọ fún un kó sọ̀ kalẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ lè nà mí, ẹ lè pe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀."

Papa Léon nàró. Ó wo ẹsẹ̀ Pascaline kan tí kò wọ bàtà. "Kẹ̀kẹ́ yìí kò ní àrùn kankan mọ́, ọmọ mi. Bóòtù ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí Sàlísù tó to kẹ̀kẹ́ yìí kò dì dáadáa, tí Maxime fi ṣubú, èmi fúnra mi ló dì í lánàá."

"Bóòtù yẹn kọ́ ló gbé Maxime ṣubú, Papa. Sàlísù kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni."

Colette sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó rí ejò lábẹ́ àga. Pascaline kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

"Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ mú Maxime wá sí ọgbà Hájíà Àmírátù nínú ọjà, níbi tí wọ́n ti ń ta àwọn kẹ̀kẹ́ àlòkù tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ òyìnbó. Mo ń bá Hájíà ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Èmi ni mò ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹrù fún un. Ẹ wí pé, 'Pascaline, ìwọ tí ń ka ìwé bí ẹni tí ń jẹ gúgúrú, Maxime fẹ́ máa mú àlejò gba àwọn ọ̀nà tóóró orí òkè. Èwo ni ká mú?' Kẹ̀kẹ́ méjì ló wà níwájú yín. Ọ̀kan jẹ́ eléérú, ara rẹ̀ ti họ, ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ti fi òógùn ba àga rẹ̀ jẹ́. Èkejì ni ti pupa yìí. Ó ń dán. Ẹ ò mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kó mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa: mo mọ̀ ọ́n.

"Àwọn ìwé ìròyìn oníkẹ̀kẹ́ máa ń wà nínú páálí tí ẹrù fi ń dé, mo sì ti kà wọ́n tán, nítorí kò sí ohun tí mi ò lè kà nígbà tí ìwé ìtàn bá tán lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ òkè kì í kọ́kọ́ wo ọ̀dà. Ilẹ̀ tó fẹ́ gùn ún lé ló máa kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ara ẹni tó máa gùn ún, lẹ́yìn náà bíréèkì àti fọ́ọ̀kì, ìyẹn ọwọ́ méjì tó di táyà iwájú mú. Ìpele-ìpele ni wọ́n ń ṣe àwọn irin yìí. Ti ìsàlẹ̀ wà fún ẹni tó ń lọ ra búrẹ́dì. Ti àárín wà fún ẹni tó ń gun òkè tó sì fẹ́ padà délé. Ti òkè pátápátá, àwọn tó ń fi eré kẹ̀kẹ́ jẹun ló ni ín, Maxime kò nílò rẹ̀. Eléérú yẹn, ti àárín ni. Òróró ló ń ti bíréèkì rẹ̀, fọ́ọ̀kì rẹ̀ sì lágbára. Pupa yìí, ti ìsàlẹ̀ ni. Wáyà tín-ín-rín ló ń fa bíréèkì rẹ̀, sípíríǹgì lásán ló sì wà nínú fọ́ọ̀kì rẹ̀. Òun ni wọ́n ṣe fún búrẹ́dì."

"O sì ní ká mú un," Papa Léon wí. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá.

"Mo ní kí ẹ mú un."

"Nítorí kí ni? Hájíà ló bẹ̀ ọ́?"

"Rárá, Papa. Hájíà kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Nítorí..." Pascaline wo Maxime, ó sì gbójú kúrò. "Nítorí pé nínú gbogbo ìwé tí mo kà, ẹni tí ọmọbìnrin náà ń dúró dè kì í gun nǹkan eléérú. Mo ti ń rí Maxime lórí pupa yẹn kí ẹ tó béèrè. Mo rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí mo dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú omi. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni. Mo mọ̀. Àwòrán inú orí mi ni mo tà fún yín. Ẹ sì wo ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé àlẹ̀mọ́ kékeré kan wà lára fọ́ọ̀kì náà, ní èdè Faransé, tó wí pé kí ẹnikẹ́ni má fi kẹ̀kẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta. Kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú Sàlísù tó ń bá Hájíà to kẹ̀kẹ́, mo ti fi èékánná họ ọ́ kúrò, mo sì fi kẹrosíìnì nu ojú ibẹ̀. Ó ń dán lẹ́yìn náà bí ohun tí kò lábàwọ́n kankan."

Colette tẹ̀ síwájú, ó fi ìka kan ojú ibẹ̀ lára fọ́ọ̀kì náà, ó sì yára fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Dìde," ó wí. "Dìde, kí n gbá ọ létí."

"Jẹ́ kó parí," Maxime wí.

Ẹ̀rù tó ti ń ba Pascaline látàárọ̀ kò tó èyí tó dé bá a wàyí, nítorí ohun tó kù láti sọ ló burú jù, Maxime ló sì ń wò ó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di iyanrìn mú.

"Mo rò pé mo lè máa ṣọ́ kẹ̀kẹ́ náà. Ojoojúmọ́ tó bá gùn ún, mo ń lọ dúró nísàlẹ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí màá fi rí àṣíborí rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣubú, mo gbọ́ bíréèkì kí n tó rí i. Ó ń ké bí ẹyẹ. Ó ti gbóná, kò lè di táyà mú mọ́. Lẹ́yìn náà fọ́ọ̀kì lọ sílẹ̀ pátápátá, ó kọ̀ kò gòkè, ó sì jù ú sókè kọjá ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Mo rí i lójú ara mi. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ sáré sí i. Èmi... ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀. Èmi sáré sí kẹ̀kẹ́. Mo rò pé wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò, pé ẹnìkan máa béèrè ẹni tó yàn án. Sípánà wà nínú àpò tó wà lábẹ́ àga. Mo mú un, mo tú bóòtù tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Mo yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà títí ó fi wọ́. Gbogbo ayé mọ̀ pé Sàlísù ló to kẹ̀kẹ́ náà, òun ló sì dì í."

Maxime dìde lórí àpótí.

"Mo wà nílẹ̀," ó wí. "Mò ń pè ọ́. Orúkọ rẹ ni mò ń pè. Wọ́n ní o ti sáré lọ wá ọkọ̀."

"Mo gbọ́ ọ."

"Ibi kẹ̀kẹ́ lo wà."

"Ibi kẹ̀kẹ́ ni mo wà, Maxime."

Maxime yí padà, ó kọjú sí ògiri. Papa Léon kò bú Pascaline. Ó lọ bá kẹ̀kẹ́ pupa náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Fọ́ọ̀kì lọ sílẹ̀, ó dún gbà! Kò gòkè. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò gòkè. Bàbá náà dúró bẹ́ẹ̀, ó wo Colette, ọmọbìnrin rẹ̀, tó ṣì dé àṣíborí.

"Mo kó gbogbo ìdílé mi lọ bá Sàlísù," ó wí. "Mo pè é ní apànìyàn níwájú oníbàárà rẹ̀. Ó ń búra, ó ní, 'Wàlláhì, mo dì í.' Nígbà tó yá, ó ní, 'Àbí mo gbàgbé?' Ìwọ dúró níbẹ̀?"

"Ẹ̀yìn Hájíà ni mo dúró sí. Mo gbọ́ nígbà tó ní àbí òun gbàgbé. Inú mi dùn, Papa. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lọ́rùn mi."

"Èmi kọ́ ni wàá kúnlẹ̀ fún," Papa Léon wí. "Sàlísù ni. Ìlú Anié ló wà báyìí. Wọ bàtà."

Kí wọ́n tó lọ, Colette gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ síbi ìdíje, ó fi ẹsẹ̀ rìn, kò gùn ún, ó sì ní kí Pascaline bá òun lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ti pé jọ síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀sín. "Sọ fún wọn," Colette wí. Pascaline sì tún un sọ níwájú gbogbo wọn, láìyọ nǹkan kan kúrò. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tẹ fọ́ọ̀kì wọn wò kí wọ́n tó gòkè, kí ẹni tí bíréèkì rẹ̀ bá ti ń ké má lọ. "Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn yín yan ohun tí ẹ máa gùn nítorí bí ẹ ṣe máa rí lójú rẹ̀," ó wí. "Bí ẹ bá sì ti ṣi nǹkan yàn, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Bó bá di ọjọ́ kejì, á ti wúwo láti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wò.

Maxime ló bá Pascaline lọ sí Anié. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ńlá, níbi tí àwọn ọkọ̀ ẹrù ti ń kọjá sí àríwá, ni wọ́n ti rí Sàlísù, ó ń tún alùpùpù ṣe. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun ju bí Pascaline ṣe rò lọ. Ó di nọ́ọ̀tì táyà, ó dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó dì í, ó nu ọwọ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

"Sàlísù, ó ti tó!" ni oníbàárà rẹ̀ ń kígbe. "Ṣé o fẹ́ dì í mọ́ ilẹ̀ Tógò ni? Bí o ṣe dì í títí tó fi já lánàá nìyẹn!"

"Ẹ ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ mi yìí ni kò ṣeé fọkàn tán."

Nígbà tí Pascaline gbọ́ gbólóhùn yẹn, ó kúnlẹ̀. Ibi tó kúnlẹ̀ sí náà ló ti sọ gbogbo ohun tó ṣe, nínú eruku, pẹ̀lú ariwo ọkọ̀ lórí rẹ̀. Sàlísù gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó wo Maxime, Maxime sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo dì í?" Sàlísù béèrè.

"Ẹ dì í, Bàbá."

"Bóòtù tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Mo dì í?"

"Ẹ dì í. Ọwọ́ mi ló tú u."

Ó na ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó rí ọmọ tó ti sọnù. Pascaline ní kó jọ̀ọ́, kó dárí ji òun. Sàlísù wá kọjú sí oníbàárà rẹ̀.

"Ẹ máa gùn ún lọ, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé o kò ní tún un wò?"

"Ó ti dì," Sàlísù wí.

Ọkùnrin náà gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Sàlísù dúró, ó ń wo táyà náà bó ṣe ń yí lọ lórí ọ̀nà títí kò fi rí i mọ́. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa lọ sílé," ó wí láìyíjú padà. "Ìdáríjì tí o tọrọ lọ́wọ́ mi, kí o padà wá béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Lónìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣiṣẹ́."