Yàrá tí kò ní fèrèsé

Nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé wa kúrò ní Ugbonla, obìnrin kan ń fi fóònù wá àyè nínú ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń gbafẹ́ lójú òkun fún ìyá rẹ̀ tó jókòó tì í.

"Màámi, mo ti rí yàrá tí kò wọ́n. Kò kàn ní fèrèsé ni."

"Kò ní kí ni?"

"Ẹ ṣáà máa sùn níbẹ̀ ni."

"Nílé mi ní Abereke, tí mo bá dùbúlẹ̀, mò ń rí omi láàárín pákó tí mo sùn lé. Kí n wá sanwó lọ sójú òkun, kí wọ́n tì mí mọ́nú àpótí? Èmi, ọmọ Ìlàjẹ?"

"Gbogbo èèyàn ló ń wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Kí wọ́n máa wọ̀ ọ́. Sọ fún wọn kí wọ́n gba iwájú ilé mi kọjá. Màá máa wò wọ́n láti ojú fèrèsé tèmi."