Kí N Tó Padà Sínú Yìnyín: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹkù Ìyá Àgbà

Alága àpèjọ yìí, Bàbá mi Micah Ọdúntán, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin àlùfáà ìjọ tó yá wa ní gbọ̀ngàn, ẹ̀yin àgbà Iléṣà, mo júbà. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti Òṣogbo wá tòun ti ọ̀wọ́n epo mọ́tò, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ìyá mi àgbà, Ìyá Susannah, tí ẹ jókòó níwájú tí ẹ ti ń fojú sọ fún mi pé kí n má sọ̀rọ̀ jù, mo kí yín lọ́tọ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo kọ́ ní ọkọ̀ títù, Mùínàt, Kàdíjátù, Shalom àti Julianah, akọni orí omi, ẹ kú oríire! Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ Owá, ọmọ Ẹkùn!

Inú yìnyín ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ní Kánádà, níbi tí àwọn òbí mi gbé mi lọ kí n tó gbọ́ òwe kan já, mo wà lára àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi díje fún yunifásítì wa. Bí ìgbà òtútù bá dé, adágún tí à ń tukọ̀ lórí rẹ̀ á dì gbagidi, mọ́tò á máa gba orí rẹ̀ kọjá. Kí ni atukọ̀ yóò ṣe nígbà tí omi bá di òkúta? Kóòṣì wa á so pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ wa lẹ́sẹ̀, á fi ọ̀pá méjì lé wa lọ́wọ́, á ní ká máa yọ̀ lórí yìnyín gba inú igbó já, ká gun òkè, ká sọ̀ kalẹ̀, kí itan àti ẹ̀yìn wa má bàa gbàgbé iṣẹ́ kí omi tó yọ́. Àwọn yòókù ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èmi ńkọ́? Mò ń wó lulẹ̀ bí ọ̀pẹ tí àáké ti jẹ ìdí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní, "Jùwọ́n, ṣé ilẹ̀ lò ń kí ni?"

Lọ́jọ́ kan, mo dìde nínú yìnyín, mo fara ti ọ̀pá méjèèjì, ojú mi sì là. Ìyá àgbà ni mo rí! Mo rí wọn nínú ẹkù wọn ní Ọ̀tan-Ilé, bí mo ṣe rí wọn nígbà tí àwọn òbí mi mú mi wálé wá kí wọn ní kékeré: kòtò tí wọ́n fi òkúta tẹ́ nídìí, ẹyìn sísè kún inú rẹ̀, epo mù wọ́n dé orókùn, ọ̀pá kan lọ́tùn-ún, ọ̀pá kan lósì. Wọ́n ń tẹ ẹyìn, ilẹ̀ ń yọ̀, wọn ò sì ṣubú. Wọn kì í gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n ń tì í síwájú ni, ara wọn sì ń tẹ̀lé ọ̀pá. Mo ní, "Áà! Epo lásán ni yìnyín yìí!" Mo ti ẹsẹ̀ bíi tiwọn, mo bá lọ. Kóòṣì béèrè ẹni tó kọ́ mi. Mo ní ìyá ìyá mi ni. Ó ní, "Ṣé yìnyín ń já bọ́ lọ́dọ̀ yín náà ni?"

Ohun tó gbé mi wá sílé nìyẹn. Mo fẹ́ wá wo ohun mìíràn tí mo ti mọ̀ tí n kò mọ̀ pé mo mọ̀.

Nígbà tí mo dé, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé, tí mo ní mo fẹ́ dá ẹgbẹ́ atukọ̀ sílẹ̀, ta ni kò fi mí rẹ́rìn-ín? "Omi dà?" Ohun tí wọ́n bi mí ní Òṣú nìyẹn. "Àbí odò Ọ̀ṣun lo fẹ́ sọ di pápá ìṣeré? Ta lo bi?" Ọlọ́run bá wa ṣe é, a rí àyè lórí dáàmù kan lọ́nà Òṣogbo. Àwọn apẹja ibẹ̀ rí i pé ẹ̀yìn la kọ sí ibi tí à ń lọ, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin Òṣómàáló tí ẹ ń sin gbèsè káàkiri, ṣé ẹ̀yin náà ti jẹ gbèsè ni, tí ẹ fi ń bojú wẹ̀yìn báyìí?" Mùínàt ò tiẹ̀ jẹ́ kí n dáhùn. Ó ní, "Rárá o, bàbá! Àwọn tó jẹ wá ní gbèsè là ń ṣọ́!"

Òjò bá dé. Dáàmù kún, àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ omi mọ́ títí òjò yóò fi dá. Ìdíje ìtukọ̀ tí a fẹ́ lọ ní Èkó sì ń bọ̀ lẹ́yìn òjò. Àwọn ọmọ ń wò mí, èmi náà ń wojú ọ̀run. Ìgbà náà ló yé mi pé òjò ni yìnyín tiwa.

Alága wa, ibi tí ẹ ti wọlé nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ orí yín jó irin pọ̀ fún rélùwéè ní Òṣogbo, ẹ wo àwòrán tí mo fi igi yà sórí ilẹ̀, ẹ mú àgbá kẹ̀kẹ́, ẹ mú ṣéènì, ẹ ṣe ìjókòó tó ń yí lọ yí bọ̀, ẹ sì gbé ẹ̀rọ ìtukọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Ẹni tó jókòó sí i á máa tukọ̀ láìsí omi. Ara ilé yín kan ní, "Ẹ ti ń tu ọkọ̀ yìí látàárọ̀, ibo lẹ dé?" Bàbá dá a lóhùn, "A ti kọjá Ìbàdàn. Sún sẹ́yìn, kí ọkọ̀ má gbá ọ!"

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Ọ̀tan-Ilé là ń lọ. Ẹ̀rọ tó ń fún epo ti dé ìlú náà, ẹkù Ìyá àgbà ti ṣófo. A sè ẹyìn, a dà á sí i, àwọn ọmọ mú ọ̀pá méjì méjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́. Kàdíjátù ṣubú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó délé pẹ̀lú aṣọ pupa, ìyá rẹ̀ figbe ta: "Yéè, wọ́n ti pa ọmọ mi!" "Màámi, epo ni o!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti gbọ́ ìyókù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ó dùn ún sọ. A dé Ọ̀sà l'Ékòó, láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí etí omi. Wọ́n ní, "Ará òkè, ẹ rọra o, omi yìí kì í ṣe ti inú ìkòkò." Wọ́n ṣáájú wa. A dé ìdajì, afẹ́fẹ́ dìde, apá wọn rọ̀. Ṣé itan tó ti tẹ ẹkù ni afẹ́fẹ́ yóò dá dúró? Shalom kígbe, "Ẹ tẹ̀ ẹ́!" Julianah gbè é, "Ẹ tẹ̀ ẹ́!" Ọkọ̀ wa kọjá ti èkíní, ó kọjá ti èkejì, ó kọjá gbogbo wọn! Ẹni tó bá sì gba iwájú nínú eré wa, ojú gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ló ń wò. Mùínàt, ṣé o rí àwọn ajigbèsè wa lọ́jọ́ náà?

Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ kù.

Mo mú Mùínàt dání lọ dágbére fún Ìyá àgbà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ni mo bá lẹ́bàá ẹkù. Ìyá ní àwọn fẹ́ dí i. Mo figbe bọnu: "Ìyá, ẹkù tó fún wa ní ife ẹ̀yẹ?" Wọ́n ká ìró sókè, wọ́n fi orókùn wọn hàn mí. Wọ́n ní, "Jùwọ́n, ìwọ tẹ̀ ẹ́ kí o lè ṣeré. Inú rẹ̀ ni ìrọbí ìyá rẹ ti mú mi. Mo tẹ̀ ẹ́ kí ìyá rẹ lè kàwé, kí ọmọ rẹ̀ má bàa tẹ̀ ẹ́. O wá ti Kánádà bọ̀, o kó ọmọ ọlọ́mọ sínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ojú mi rí i pé ó dí, kí n tó lọ."

Mo ti ń fi ẹkù náà yangàn láti ìgbà yìí wá, n kò bi wọ́n rí bóyá wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Mùínàt kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, òjò mìíràn ń bọ̀. Níbo la máa tẹ̀?" Ìyá sọ ìró wọn kalẹ̀. Wọ́n wá ní, "Jùwọ́n ni kó pinnu. Ohun tó bá wí, abẹ gé e."

Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà: wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ifẹ̀. Mọ́tò mi ń lọ sí Èkó lọ́jọ́ Ajé. Mò ń padà sínú òtútù, sínú ọkọ̀ tó ń dúró dè mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún oúnjẹ, fún èdè tí ẹ tún mi kọ́, fún ẹ̀rín tí ẹ fi mí rín kí ẹ tó gbé mi léjìká. Omi ò ní gbé ọmọ wa lọ. Ẹ̀yìn wa ò ní sunwọ̀n ju iwájú wa lọ. Gbogbo ẹni tó bá ń bá oríire yín díje, ẹ̀yìn yín ni wọn yóò máa wà.

Ṣùgbọ́n n kò ní dìde lọ láìgbọ́ ohùn yín. Iyẹ̀pẹ̀ wà nílẹ̀, ṣọ́bìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ká dí i fún ẹni tó jìyà inú rẹ̀, àbí ká ṣí i sílẹ̀ fún àwọn tó fi borí? Ìyá àgbà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ta ni yóò bẹ̀rẹ̀?