Bí Mo Ṣe Pa Ẹnì Kejì Mi Nítorí Owó Ìdókòwò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín, yàrá ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ìdájọ́ náà tọ́ sí mi. Mo pa ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ tí mo pa á ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Aráròmí etí òkun ni mí. Ẹja yíyan ni ìyá mi ń tà tó fi rán mi nílé ìwé, mo sì mọ bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń rí tí ẹja bá bà jẹ́ kí ọkọ̀ tó dé Ìgbókòdá. Yunifásítì ni mo ti pàdé Káyọ̀dé, ọmọ Àkúrẹ́ tó mọ iṣẹ́ sólà dunjú. Mo sọ ìṣòro àwọn ìyá wa fún un. Kò pẹ́ tó fi ṣe firíìsà kan tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, tó ṣeé gbé sínú ọkọ̀ ojú omi. La bá dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Òun ń ṣe ẹ̀rọ, èmi ń wá olówó tí yóò bá wa dókòwò.

Mo rin Èkó títí bàtà mi fi jẹ. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń bi mí pé àwọn wo ló ń lo ẹ̀rọ náà. Ẹyọ kan ṣoṣo la ní, ọwọ́ ìyá mi ló sì wà. Lọ́jọ́ kan, obìnrin olówó kan tí à ń pè ní Màdáámù Bísí bi mí ní ìbéèrè kan náà. Mo rí i pé ó ti fẹ́ dìde.

Mo ní, “Gbogbo abúlé etí òkun wa ló ń lò ó, mà.”

Ó tún padà jókòó. Irọ́ kékeré ni lójú mi. Mo rò pé bí owó bá dé, yóò di òótọ́.

Màdáámù gbà láti bá wa dókòwò, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ wá fojú ara òun rí i. Mo bá ní kí káfíńtà kan bá mi kan àwọn àpótí tó jọ firíìsà wa, mo pín wọn káàkiri àwọn abúlé, mo sì bẹ àwọn ẹbí mi pé kí wọ́n sọ pé àwọn àpótí náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Káyọ̀dé kò mọ̀. Nígbà tó ku ọ̀la kí màdáámù dé, èmi àti òun ń fi ọkọ̀ ojú omi ti Ìgbókòdá bọ̀, a yà ní abúlé kan. Ó ṣí àpótí kan níbẹ̀, kò rí ẹ̀rọ kankan, yìnyín tí mo rà nìkan ló bá nínú rẹ̀.

Ó pa àpótí náà dé, a padà sójú omi. Ó wá ní, “Mo máa sọ fún màdáámù lọ́la.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní bó bá sọ ọ́, a ti parí nìyẹn.

“Kó parí,” ló wí. “A ó tún bẹ̀rẹ̀.”

Kò bínú sí mi rárá. Ó ṣe bí ẹni pé ohun tí mo ti ń lé láti ọdún mélòó kan wá kò ju kí a jù ú nù lọ.

Ewéko omi lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì wa. Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yọ ọ́. Ará òkè ni, kò mọ̀wẹ̀, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tì í sómi. Ó yọrí, ó nawọ́ sí mi, ó pe orúkọ mi. Mo mú àjẹ̀, mo fi tì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

Mo sunkún wọ Aráròmí, mo ní ó ṣèèṣì já sómi ni. Gbogbo ènìyàn gbà mí gbọ́. Nígbà tí wọ́n rí òkú rẹ̀, màdáámù wá kẹ́dùn, ó sì ní òun yóò fún wa lówó náà nítorí Káyọ̀dé. Níwájú ilé ìyá mi ni èmi, ìyá mi, màdáámù àti bàbá Káyọ̀dé tó ti Àkúrẹ́ wá jókòó sí nígbà tí ìyá àgbà kan tó máa ń gé koríko ẹní létí odò dé. Ó kọ́kọ́ kí bàbá Káyọ̀dé. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi.

“Ọmọ yẹn nawọ́ sí ọ,” ló wí. “Mo wà nínú koríko. Mo rò pé o fẹ́ kó di àjẹ̀ náà mú ni, àṣé o fi ń tì í dànù ni. Kí n tó wakọ̀ débẹ̀, omi ti gbé e.”

Bàbá Káyọ̀dé wò mí, ó ní, “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

Ìyá mi dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ dá iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ wá olówó. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti purọ́, ẹ tètè padà lọ jẹ́wọ́ kí irọ́ náà tó bímọ. Bí ẹnì kejì yín bá sì ní òun fẹ́ sọ òótọ́, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Ojú á tì yín, olówó á lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ padà sílé.